Owó Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Ìwọn-Èéfín Kì Í Ṣe Owó Àdàsómi

Láti Òpópónà Ọba Akran títí dé Àgídíǹgbí, láti Ògbà títí wọ inú Agége níbi tí oko obì àtijọ́ ti di ọgbà ilé-iṣẹ́, ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ti ta gbòǹgbò lọ́kàn àwọn ọ̀gá àti àwọn akọ̀wé owó, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá takò ó yóò dà bí ẹni tí ó ń pe funfun ní dúdú. Wọ́n gbà pé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn èéfín bọ́ílà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní analyser, kì í ṣe ohun tí à ń náwó lé lórí mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí a bá ti rà á. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì tuntun tí ẹ̀rọ fi ń mọ gáàsì, gáàsì ìdánwò àti kálíbréṣọ̀n ọdọọdún, ìyẹn fífi ohun tí a mọ iye rẹ̀ tún òṣùwọ̀n ẹ̀rọ ṣe, kò ju ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí tí àwọn tó ń tà á fi ń gba owó lọ́wọ́ wa. Èmi tí mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà, mo sì ń sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀ pé irọ́ ni ìgbàgbọ́ náà, àti pé owó tí a rò pé a fi pamọ́ sínú àpótí, ẹnu ọ̀pá èéfín ni ó ń gbà lọ.

N kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀rí àwọn àgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣáájú mi. Epo dúdú tó nípọn ni àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ń dá iná bọ́ílà, ojú wọn sì mọ̀ ọ́n bí ojú aláró ti í mọ aṣọ tó mu aró: wọn a gbé ojú sókè wo ẹnu ọ̀pá, bí èéfín bá dúdú, wọn a ní ebi afẹ́fẹ́ ń pa iná, bí ó bá funfun, wọn a ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, bí ó bá rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, wọn a gbọ́wọ́ kúrò lára bọ́nà, ẹnu tí iná ti ń jáde. Ìmọ̀ tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Gaslink ti ri pípù gáàsì mọ́lẹ̀ ní Ìkejà, tí ilé-iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn láti yí bọ́nà wọn padà, ojú tí a fi epo dúdú tọ́ kò rí nǹkan kan wò mọ́. Àwọn baba wa ní èéfín nìwà, pé kò ṣé fi pamọ́. Èéfín gáàsì nìkan ni ó mọ bí a ti í fi ìwà pamọ́. Iná gáàsì lè wà nínú ebi afẹ́fẹ́, kí ó máa tú kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì jáde ní rẹpẹtẹ, kí ẹnu ọ̀pá sì mọ́ lau bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ni a ń jó, àléébù mìíràn wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí kò ní ẹ̀rọ tó ṣeé gbọ́kàn lé yóò máa ṣí afẹ́fẹ́ títí èéfín yóò fi lọ, lẹ́yìn náà yóò tún ṣí i díẹ̀ sí i, kí ara lè rọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí aláta ti í fi ènì lé ọjà. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí, nítorí pé ọ̀pá kò rú èéfín. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ènì yìí kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe nínú iná. Tútù ni ó wọlé, gbígbóná ni ó jáde, epo tí a fi owó rà ni a sì fi mú un gbóná. Àìtètè mú olè, olè mú olóko: òfò tí kò rú èéfín ni òfò tí ó ń pẹ́ jù nílé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò sí i, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹnu lásán ni mo fi ń jà. Bí ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú èéfín bá jẹ́ 3 nínú 100, afẹ́fẹ́ tí ó lé sórí èyí tí iná nílò jẹ́ nǹkan bí 17 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ 7, afẹ́fẹ́ àlékún ti di 50. Ìlànà tí àwọn ẹlẹ́rọ fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni pé, ní gbogbo ìgbà tí a bá dín afẹ́fẹ́ àlékún kù ní 15 nínú 100, bọ́ílà yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sàn sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó fi ojú lásán ṣí afẹ́fẹ́ dé 7, níbi tí ẹ̀rọ pípé ì bá ti dá a dúró sí 3, ti sọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún epo rẹ̀ nù. Ká ní bọ́ílà kékeré kan ń jẹ 100 lítà dísẹ́ẹ̀lì ní wákàtí kan, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún 20 wákàtí lójúmọ́, 25 ọjọ́ lóṣù, yóò jẹ 600,000 lítà lọ́dún. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 12,000 lítà, bí a bá sì ka lítà kan sí 1,000 náírà, mílíọ̀nù 12 náírà ni afẹ́fẹ́ gbé lọ. Ẹ wá kó gbogbo ìnáwó ẹ̀rọ náà fún ọdún kan pọ̀: sẹ́ẹ̀lì ọ́síjìn, sẹ́ẹ̀lì kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, asẹ́ rẹ̀, kálíbréṣọ̀n àti owó ọkọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pọ̀n ọ́n sókè sí 1,000 dọ́là. Bí dọ́là bá jẹ́ 1,500 náírà, mílíọ̀nù kan àbọ̀ ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ìlọ́po mẹ́jọ owó tí akọ̀wé owó kọ̀ láti fọwọ́ sí ni ó ti fọwọ́ sí láìmọ̀. Ní Ìkejà yìí kan náà ni Dunlop ti dá ṣíṣe táyà dúró ní òpin ọdún 2008, tí ọ̀wọ́n agbára sì wà lára ohun tí wọ́n kà kalẹ̀; kò yẹ kí ẹni tí ó rí irú èyí tún máa fi epo ta afẹ́fẹ́ lọ́rẹ.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti lágbára jù. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀rọ náà ń tún ara rẹ̀ ṣe ní gbogbo ìgbà tí a bá tàn án, òun fúnra rẹ̀ ní í ṣe kálíbréṣọ̀n rẹ̀." Òótọ́ ni pé bí a bá tàn án, yóò fa afẹ́fẹ́ sínú fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kéde pé òun ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe kò ju pé ó gba afẹ́fẹ́ ibi tí ó wà gbọ́ ní afẹ́fẹ́ mímọ́: ó fi ọ́síjìn sí 20.9, ó sì fi kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì sí odo. Bí a bá tàn án nínú ilé bọ́ílà tí èéfín ti ń jò, afẹ́fẹ́ burúkú ni ó sọ di odo rẹ̀, yóò sì máa yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tí ó bá kà ní ọjọ́ náà. Èyí tí ó tún burú jù ni ti sẹ́ẹ̀lì kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì tó ti kú. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ń ka odo nínú afẹ́fẹ́ mímọ́. Èyí tó ti kú ń ka odo nínú afẹ́fẹ́ mímọ́, ó sì ń ka odo nínú májèlé. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run, àfi bí a bá gbé gáàsì inú sílíńdà tí a ti mọ iye rẹ̀ wá, tí a fẹ́ ẹ sí i lẹ́nu, tí a sì wò ó bóyá yóò ka iye náà.

Ìyá tí ó ń ra ìrẹsì lọ́jà Agége kò fi ìgbà kan gba kóńgò gbọ́ nítorí pé oníkóńgò sọ pé ó pé. Yóò yí i padà, yóò fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ìyá yẹn mọ̀ pé òṣùwọ̀n kì í jẹ́rìí ara rẹ̀. Ìdí kan náà ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n àti ojúlówó ọjà, fi ní ibùdó òṣùwọ̀n àgbà ní Enugu.

Àwọn kan tún ní, "Tiwa wà nínú báàgì rẹ̀, a kì í lò ó púpọ̀, kí ni yóò bà á jẹ́?" Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọ́síjìn, òjé ni ó wà, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì ń jẹ òjé náà tọ̀sán-tòru, yálà a lo ẹ̀rọ tàbí a fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó sábà máa ń lò kí ó tó kú. Àwọn ẹlẹ́rọ ìgbà àtijọ́ tí wọ́n lo ohun èlò onígo tí à ń pè ní Orsat, èyí tó ti wà láti àwọn ọdún 1870, mọ èyí dáadáa: omi inú ìgò kan ń gba kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì, omi èkejì ń gba ọ́síjìn, ẹ̀kẹta ń gba kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, bí omi náà bá sì ti kún fún ohun tí ó ń gbà, wọn a dà á nù, wọn a po tuntun. Kò sí ẹni tí ó pe omi tuntun ní àdàsómi. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀rọ òde òní kò yàtọ̀ sí omi yẹn. A kàn pa á mọ́ sínú ike ni.

Ojú mi ló ṣe. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí kò rí ìtọ́jú láti bí ọdún mélòó kan jáde ní ọjọ́ tí àwọn aṣàbẹ̀wò ń bọ̀. Odo ni ó ń kà fún kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, inú gbogbo wa sì dùn. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní tirẹ̀ tí kálíbréṣọ̀n rẹ̀ kò tí ì pẹ́, mo ki ìrù rẹ̀ bọ inú ọ̀pá èéfín kan náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ńbà sì ń gun òkè títí mo fi yára fà á yọ, kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ má baà bàjẹ́. Èmi fúnra mi ni mo ti ń fọwọ́ sí ìwé odo yẹn ní oṣooṣù. N kò tí ì gbàgbé rẹ̀.

Ní ti àwọn aṣàbẹ̀wò, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí olóró tí wọ́n dà sí ìlú Kókó ti mú kí ìjọba dá FEPA, àjọ ààbò àyíká, sílẹ̀ ní 1988, títí NESREA fi rọ́pò rẹ̀ ní 2007, tí LASEPA sì ń ṣọ́ ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ènìyàn ti gbà pé nítorí ìjọba nìkan ni a ṣe ń ra ẹ̀rọ náà. Epo tó ń ṣòfò kì í dúró de ọjọ́ àbẹ̀wò.

Mo gbà fún àwọn alátakò mi ní ohun méjì. Èkínní, àwọn kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní oníkálíbréṣọ̀n tí wọn kì í ṣe ju kí wọ́n nu ẹ̀rọ, kí wọ́n lẹ sítíkà mọ́ ọn, kí wọ́n sì gbowó. Ìwé-ẹ̀rí tí kò bá sọ iye tí ẹ̀rọ kà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, àti iye tí ó kà lẹ́yìn rẹ̀, àti gáàsì tí wọ́n fi dán an wò, ẹ má san kọ́bọ̀ lé e. Èkejì, ọ̀wọ́n dọ́là láti oṣù Júùnù 2023 ti sọ ohun tí a ń rà lókè òkun di ohun tí ń fa orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ìran tí ó dá èsúsú sílẹ̀ kò yẹ kí ó sọ pé òun kò rí ọ̀nà gbé e gbà: ilé-iṣẹ́ mẹ́rin lójú òpópónà kan lè dáwó ra sílíńdà gáàsì ìdánwò kan, kí wọ́n sì máa gbé e yípo kí ọjọ́ ìlò rẹ̀ tó pé, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe àáró lóko.

Ó ku àwọn oníbúrẹ́dì Agége, tí òkìkí búrẹ́dì wọn kàn ju ìlú wọn lọ. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn mìíràn a sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ ààrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ju bí ọ́síjìn ti í so mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ. Kí ọ̀gá tí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí owó fún sẹ́ẹ̀lì lọ́dún yìí lọ bá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní aago méjì òru, kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání, kí ó wo odo tó wà lójú rẹ̀, kí ó sì sọ fún ìyá wọn bóyá odo afẹ́fẹ́ mímọ́ ni, tàbí odo sẹ́ẹ̀lì tó ti kú.