Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Wọn kò dárúkọ ìjì, wọn kò dárúkọ àgbàrá. Ìrì tí ń sẹ̀ lóròòru, tí kì í ba ewéko jẹ́, ti tó ilé bẹ́ẹ̀ wó.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé l'Ékòó ni kí ó fi òwe yìí sọ́kàn jù, nítorí ẹni tó fi itọ́ mọlé kọ́ ni ìrì ń bá níbẹ̀. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní ojú ọ̀nà Gerrard n'Ìkòyí, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́; ó ju 40 ènìyàn tó bá a lọ. Èyí tó wó mọ́ àwọn ọmọ iléèwé lórí ní Ìta Fàájì ní oṣù Kẹta ọdún 2019 jẹ́ ilé àtijọ́ tí ìjọba ti sàmì sí láti wó. Ilé tuntun kò tó ẹ̀rí, ilé tó ti pẹ́ kò tó ẹ̀rí.

Ọ̀pọ̀ wa ń san owó fún lọ́yà kó lọ wo ìwé ilẹ̀ ní Aláúsà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kì í gbé òrùlé; òpó àti ògiri ló ń gbé e. Ẹ mú ẹnjiníà tí ẹ fúnra yín yàn lọ, kì í ṣe èyí tí ajẹ́ńtì mú wá. Yóò wo bóyá ògiri sán ní ìdábùú láti igun fèrèsé, torí ìpìlẹ̀ tó ń rì lè fà á. Yóò wo ẹsẹ̀ ògiri bóyá omi ń gun òkè, pàápàá níbi tí wọ́n ti fi iyanrìn dí àbàtà. Yóò wo ojú òjò lára àjà, wáyà iná, àti bí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe jìnnà sí kànga tó. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ LASBCA, àjọ tó ń mójútó ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, tó fi hàn pé ilé náà yẹ fún gbígbé. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ tún padà lọ wò ó.

Ajẹ́ńtì lè ní ẹlòmíràn ti ń mówó bọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa mú un bọ̀. Bí àbùkù ilé bá ṣeé tún ṣe, ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Bí òpó ló bá ti kú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Bí ìbátan tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń tà á, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹni tó fi sìmẹ́ńtì mọlé kò ní bínú sí ẹni tó fẹ́ kan ògiri rẹ̀ wò.