Adéwálé Tí Kò Délé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya àwọn àgbà wa lẹ́nu, nítorí pé eré ọmọdé ni wọn yóò kà á sí. Ọ̀rọ̀ eré fídíò ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Assassin's Creed. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ wa ní Paris, ní Montréal àti ní Kútọnu mọ̀ nípa ayé àtijọ́, inú eré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe inú àwọn ìwé tí àwa fi ṣe ìdánwò nígbà tiwa.

Ilé-iṣẹ́ Ubisoft ló ń ṣe é, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ìyá márùn-ún kan, àwọn Guillemot, dá sílẹ̀ ní Bretagne, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1986. Ẹ̀ka wọn ní Montréal ló ṣe èyí àkọ́kọ́, tó jáde ní 2007. Ogun tí àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn Mùsùlùmí jà nítorí Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí 1191 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ti gbé ìtàn lọ sí Florence àti Venice, sí Constantinople, sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó ń jà fún òmìnira, sí Paris nígbà ìdìtẹ̀ 1789, sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Íjíbítì ayé Cleopatra, sí ilẹ̀ àwọn Gíríìkì, sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà àwọn Viking, sí Baghdad, àti ní 2025, sí Jàpáánì. Ó ti tà ju mílíọ̀nù 200 lọ.

Fún ẹni tí kò rí i rí, báyìí ló ṣe rí. Ẹni tó ń ṣeré náà yóò di ọmọ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan, àwọn Assassin, tí ó ń bá ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ mìíràn, àwọn Templar, jà láti ìran dé ìran. Yóò gun ògiri, yóò fò láti orí òrùlé kan dé èkejì, yóò yọ ọ̀bẹ sí ẹni tí wọ́n rán an sí. Ohun tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Animus, tí ó ń jẹ́ kí ẹni òde òní wọ inú ìrántí àwọn baba ńlá rẹ̀, nítorí pé ìrántí náà kò kú nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi kan ṣàlàyé èyí fún mi, ẹ̀rín ni mo rín. Ohun tí ìyá mi ń fi oríkì ṣe fún wa láràárọ̀ nìyẹn, láìlo iná mànàmáná.

Ṣùgbọ́n nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ rọgbọ fún ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sún ọjọ́ tí Shadows, ti Jàpáánì, máa jáde kí ó tó jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta 2025. Nínú oṣù yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé Tencent, ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Ṣáínà, yóò fi bílíọ̀nù 1.16 yúrò gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilé-iṣẹ́ tuntun tí yóò máa bójú tó eré yìí àti méjì mìíràn. Vantage Studios ni wọ́n sọ ilé-iṣẹ́ náà. Mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba pẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹni tó kó owó irú èyí sílẹ̀ kì í dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń yan ibi tí ọ̀nà máa gbà. Ìtàn ta ni wọn yóò sọ lẹ́yìn èyí, ta ni yóò sì sọ ọ́ fún wọn? Ìbéèrè yẹn ló kàn wá.

Nínú gbogbo ìrìn àjò tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí, kò sí ọ̀kan nínú àwọn eré ńlá náà tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Síbẹ̀, orúkọ wa wà nínú rẹ̀. Nínú Black Flag, tó jáde ní 2013, ọkùnrin dúdú kan wà nínú ọkọ̀ àwọn olè òkun tí òun ni igbákejì ọ̀gá ọkọ̀. Adéwálé ni orúkọ rẹ̀. Ẹrú ni ó ti jẹ́ ní Trinidad. Ní ìparí ọdún náà wọ́n ṣe eré tirẹ̀ fún un, Freedom Cry, níbi tí ó ti ń dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Saint-Domingue, tí a mọ̀ sí Haiti lónìí, tí ó sì ń ran àwọn tó sá fún olówó wọn lọ́wọ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, nínú Rogue, wọ́n pa á.

Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Adé wá sílé. Gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ yìí mọ irú ilé tí wọ́n ti ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ilé tí adé kàn ni, bóyá ilé tí adé ti kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó padà. Ṣùgbọ́n eré náà kò gbé Adéwálé délé. Adé wo? Ààfin wo? Ojú ọ̀nà wo ni wọ́n ti kó àwọn tó ṣẹ̀dá ìran rẹ̀ lọ sí etí òkun? Èmi kò bínú sí àwọn tó fún un lórúkọ. Inú mi dùn pé wọ́n kò pè é ní Tom tàbí Pierre. Ó sì bá ìtàn mu pé kí ọmọ wa wà ní Saint-Domingue, nítorí pé àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Nago fi jẹ́ orúkọ ìdílé òrìṣà kan nínú ẹ̀sìn Haiti títí di òní. Nago yẹn kò yàtọ̀ sí Nago tí àwọn aládùúgbò wa ń pè wá ní Àjàṣẹ́ àti ní Ṣábẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ nìkan ló dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe eré náà. Ilé tí orúkọ náà ti wá kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí fún àwọn tí ilé wọn dé ibẹ̀. Nígbà tí Unity jáde ní 2014, Jean-Luc Mélenchon sọ̀rọ̀ tìbínú-tìbínú pé wọ́n ba Robespierre jẹ́, wọ́n sì fi àwọn ará ìlú tó dìtẹ̀ hàn bí ẹni tí kò ní ju ìwà ipá lọ. Àwọn mìíràn dá a lóhùn. Nínú eré yẹn kan náà, ayàwòrán kan lo nǹkan bí ọdún méjì lórí ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame. Ó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ṣóńṣó gíga kan sí orí rẹ̀ tí Viollet-le-Duc kò parí títí di 1859, ìyẹn bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìdìtẹ̀ náà. Nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní oṣù kẹrin 2019, Ubisoft jẹ́ kí àwọn ènìyàn gba eré náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì fi 500,000 yúrò ṣètìlẹ́yìn fún àtúnkọ́ rẹ̀. Ṣóńṣó tí kò bá ọdún mu yẹn kò pa Faransé lára rárá. Ìwé wà, àwòrán wà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lásán lè tọ́ka sí i. Bí ẹnìkan bá ya ààfin Alákétu bí kò ṣe rí, ìwé wo ni ọmọ wa yóò ṣí láti fi dá a lóhùn? Ìwé tí Parrinder kọ lórí Kétu ní 1956 dára, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ṣòro láti bá pàdé nínú ilé àwọn ènìyàn wa.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù ni ti àwọn Mohawk. Ní 2012, akọni Assassin's Creed III jẹ́ ọmọ ìyá Mohawk. Ìlú àwọn Mohawk kan kò jìnnà sí Montréal tí wọ́n ti ń ṣe eré náà, àwọn oníṣẹ́ eré sì lọ bá wọn. Ọmọ ẹ̀yà náà kan tó mọ àṣà wọn dunjú di olùdámọ̀ràn. Èdè wọn wọ inú eré náà, àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn oníṣẹ́ ti fẹ́ fi àwọn ìbòjú ètùtù wọn sí i pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ pé ohun tí àwọn onílé kò fẹ́ kí ó jáde láàárín wọn ni, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Àwa tí a mọ ohun tí egúngún jẹ́, àwa tí a mọ ọjọ́ tí Orò ń jáde, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn Mohawk kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dájú lọ́kàn wọn èyí tí àlejò lè rí àti èyí tí kò lè rí, wọ́n sì ní ẹni tó lè fi ẹnu gbogbo wọn sọ ọ́.

Ti Jàpáánì le díẹ̀. Akọni méjì ni Shadows ní, ọ̀kan nínú wọn sì ni Yasuke, ọkùnrin ará Áfíríkà tó sin Oda Nobunaga lóòótọ́ láti 1581 di 1582. Ariwo ta lórí rẹ̀ kí eré náà tó jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni mo sì kà sí ẹ̀tanú lásán. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan wà tí kì í ṣe ẹ̀tanú: ẹni tó ń ṣeré lè fọ́ àwọn ohun èlò inú ojúbọ kan. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin wọn, wọ́n bi olórí ìjọba léèrè lórí rẹ̀, Ubisoft sì tún eré náà ṣe kí àwọn ohun náà má lè fọ́ mọ́. Mo gbóríyìn fún àwọn ará Jàpáánì lórí ìyẹn. Ojúbọ kì í ṣe pápá ìṣeré.

Ní oṣù kẹwàá 2025, oníròyìn kan gbé e jáde pé Ubisoft ti pa iṣẹ́ kan tì ní 2024, eré tí akọni rẹ̀ máa jẹ́ ọkùnrin dúdú tó ti ṣẹrú rí, ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, tí yóò máa bá àwọn Ku Klux Klan jà. Ìbẹ̀rù ìjà òṣèlú ni ìròyìn náà fi ṣe ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí pé ìfẹ́ òdodo ló máa gbé wọn wá sí ilẹ̀ wa. Bí wọ́n bá wá, nítorí pé àwọn ìlú mìíràn ti ń tán ni.

Bí wọ́n bá sì wá, mo mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kọ́kọ́ kàn. Ní 2022, fíìmù The Woman King sọ àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhọ̀mì di akọni káàkiri ayé, àwọn ará Ọ̀yọ́ sì ni wọ́n fi ṣe ìkà inú rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ère obìnrin jagunjagun tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30 dìde ní Kútọnu. Èmi kò kórìíra ère náà, ará Bẹ̀nẹ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n àwa tí a jẹ́ ọmọ Kétu mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1886, nígbà tí ogun Dàhọ̀mì wó ìlú náà, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sóko ẹrú, tí ilẹ̀ náà sì ṣófo títí àwọn Faransé fi borí Béhanzin. Ẹ wá fojú inú wo eré tí gbogbo adùn rẹ̀ wà nínú gígun ògiri. Ògiri ta ni obìnrin akọni náà máa gùn? Yàrà ta ni yóò fò kọjá? Ọmọ ọmọ ẹni tó kú lẹ́yìn Àkábà Ìdẹ́nà yóò jókòó ní Lyon, yóò sì máa tẹ bọ́tìnnì láti wọ ìlú baba ara rẹ̀ bí ọ̀tá.

Àwọn àgbà kan yóò ní kí a dákẹ́, pé ohun tí a kò bá sọ, ẹnikẹ́ni kò lè bà á jẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n Adéwálé ti fi hàn pé orúkọ wa ń jáde bí a tilẹ̀ dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí a ṣe eré tiwa. Ó ṣeé ṣe: àwọn ọmọ Cameroon ní Kiro'o Games gbé Aurion jáde láti Yaoundé ní 2016. Bí ẹnìkan nínú yín bá lè ṣe é, màá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣáájú méjèèjì wà nílé. Ní 2018, Ubisoft fi ọ̀nà kan kún eré Íjíbítì wọn tí kò sí ìjà nínú rẹ̀, tí ènìyàn kàn ń rìn kiri láti kọ́ nípa ilé, iṣẹ́ àti ẹ̀sìn ayé ìgbà náà. Èyí nìkan ni mo rí nínú gbogbo iṣẹ́ wọn tí mo lè fi han ọmọ láìṣàlàyé púpọ̀. Íjíbítì lè rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn onímọ̀ ti wọn gbogbo rẹ̀, wọ́n ti yà á, wọ́n ti kọ ọ́.

Nítorí náà, mo bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa kí wọ́n gbé e síwájú ààfin ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, kí ọba àti àwọn ìjòyè fúnra wọn sọ ohun tí ó ṣeé fi hàn àti ohun tí kò ṣeé fi hàn, kí a sì kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Faransé. Ẹ̀yin ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní Montréal ni o, ní Paris ni o, ní Lomé ni o, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ìyókù ògiri àti yàrà Kétu ni kí a fi bẹ̀rẹ̀: kí a fi okùn wọn wọ́n, kí a ya wọ́n, kí a sì gba ohùn Bàbá Ẹlẹ́gún sílẹ̀ níwọ̀n bí ó bá ti gbà wá láyè mọ, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.