Kí Ẹ Tó Ra Irinṣẹ́ Sínú Gárèèjì, Ẹ Wá Ọ̀nà Atẹ́gùn

Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́, tó fẹ́ kí gárèèjì rẹ̀ tún jẹ́ ibi iṣẹ́ ọwọ́, tábìlì, fáìsì àti dírílì ló máa ń kọ́kọ́ rò. Kò burú. Àmọ́ lójú tèmi, atẹ́gùn ló yẹ kó ṣáájú. Irinṣẹ́ ṣeé rà nígbàkigbà. Ihò ara ògiri, ìgbà tí a bá ń mọ ọ́n ló rọrùn.

Ẹ wo ilé àgbẹ̀dẹ àtijọ́: òrùlé lórí òpó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Èédú tó ń jó nídìí ẹwìrì máa ń tú carbon monoxide jáde, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Àwa ti mọ ògiri yí tiwa ká, a fi ilẹ̀kùn irin tì í. Bí NEPA bá wá mú iná lọ, a ó tan jẹnẹrétọ̀ sínú rẹ̀ nítorí olè. Gáàsì kan náà nìyẹn o! Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ sì ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tó bá ti sùn lè má jí mọ́.

Ṣíṣí ilẹ̀kùn ò tó. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ní kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán. Ẹ kọ́ ilé kékeré onírin fún un níta, kí ẹ sì ri páìpù wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó da kọnkéré.

Fèrèsé àárín ògiri nìkan náà ò tó. Òòru epo bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí. Hydrogen tó ń jáde lára bátìrì olómi tí ẹ ń cháàjì fúyẹ́, òkè ló ń lọ. Nítorí náà, ẹ fi búlọ́ọ̀kù oníhò sísàlẹ̀ àti sábẹ́ òrùlé, ní ògiri méjì tó kọjú síra. Eruku ọyẹ́ á wọlé lóòótọ́, ìgbálẹ̀ wà fún ìyẹn.

Bí ilẹ̀kùn kan bá sì wà láàárín gárèèjì àti yàrá àwọn ọmọ nínú pláànù yín, ẹ ní kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù dí i.