Ẹ Má Pe Ẹ̀ṣẹ́ Adéṣànyà ní Oríire

Nígbàkígbà tí ìjà Israel Adéṣànyà àti Alex Pereira bá bọ́ sí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, ẹnìkan kò ní ṣàìsọ pé orí ló yọ ọmọ wa lọ́jọ́ náà. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Kí wọ́n tó pàdé ní Miami ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pereira, ará Brazil, ti na ọmọ tí a bí sí Èkó, tó dàgbà ní New Zealand yìí. Àwọn adájọ́ dá Pereira láre ní Ṣáínà ní 2016. Ó lù ú dákú ní Brazil ní 2017. Kickboxing nìyẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ó bá a dé inú UFC, ó sì gba bẹ́líìtì middleweight lọ́wọ́ rẹ̀ ní New York. Èyí ló dunni jù, torí Adéṣànyà ló ń ṣíwájú lójú àwọn adájọ́ kí wọ́n tó wọ ráúǹdì karùn-ún. Kò tó oṣù márùn-ún tó fi padà lọ bá ọkùnrin kan náà. Ẹni tó bá ti kó kárí-ófà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta á mọ irú àyà tí ìyẹn ń gbà.

Ní Nàìjíríà, ìdájí ọjọ́ Àjíǹde ni ìjà náà bọ́ sí; ojú oorun ni ọ̀pọ̀ wa fi wò ó. Ní ráúǹdì kejì, Pereira ń ta á nípàá lẹ́sẹ̀, Adéṣànyà ń fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan wáyà. Ó gbé apá méjèèjì bo orí. Ẹni tó bá rántí New York á ti sọ pé ó tún ti parí, torí ẹ̀gbẹ́ wáyà náà ni wọ́n ti parí rẹ̀ níbẹ̀. Pereira náà rò bẹ́ẹ̀. Ó já wọlé tòun ti orúnkún àti ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan bà á lórí, òmíràn tẹ̀ lé e, ọkùnrin gìrìwò náà wó lulẹ̀. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21 ni aago kà.

Ṣé oríire nìyẹn? Bí Pereira bá fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́ òsì rẹ̀ tó lókìkí, ọwọ́ náà á kúrò lẹ́bàá àgbọ̀n rẹ̀, ojú ọ̀nà á sì ṣí. Ẹni tí òsì yẹn ti lù dákú rí ló mọ̀ ọ́n jù. Lójú tèmi, Adéṣànyà fi ara rẹ̀ ṣe ìdẹ ni.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mi ò lè gbèjà tán. Ọfà mẹ́ta tó díbọ́n pé òun ta lu Pereira pa mí lẹ́rìn-ín, torí Pereira ló máa ń ta ọfà bẹ́ẹ̀ tó bá borí. Ẹ sì ka iye ìgbà tí ó ti nà án. Ṣùgbọ́n ó tún fojú wá ọmọ Pereira láàárín èrò, ó wá ṣubú gbalaja láti fi í ṣẹ̀sín, nítorí pé ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí i ní 2017. Ọmọ kékeré ni nígbà náà! Àgbà kì í bá ọmọdé ṣírò irú gbèsè yẹn.

Bẹ́líìtì náà kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sean Strickland gbà á ní Sydney ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Síbẹ̀, ẹ tún fídíò Miami wò. Ẹ fi ìṣubú Pereira sílẹ̀, ẹ dá a padà díẹ̀ sí ìgbà tí ẹ̀yìn Adéṣànyà ṣẹ̀ṣẹ̀ kan wáyà, kí ẹ wo bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe dúró jẹ́ẹ́, tí kò kánjú.