Irin Kọ́ Ló Ń Fa Ẹsẹ̀ Sẹ́yìn

Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín láti Ìkìrun ní kí àwọn ọmọ tó ń sá eré 100 mítà sá fún irin gbígbé, pé yóò mú wọn wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ n kò gbà.

Wọ́n mẹ́nu ba Ben Johnson, sárésáré 100 mítà. Oògùn ni wọ́n torí ẹ̀ gba góòlù Òlímpíìkì Seoul 1988 lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe irin. Ẹ wo Tobi Amusan: ní Eugene lọ́dún 2022, ó fo igi mẹ́wàá láàárín 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Ẹsẹ̀ tí kò lágbára kò lè ṣe ìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ tọ̀nà ni ti ètò. Èmi náà ṣì í ṣe rí. Ní Ìníṣà níbí, mo ní kí àwọn ọmọ gbé irin láàárọ̀ (irin wa ni páànù ọ̀dà tí a da kọnkéré sí), kí wọ́n wá sáré nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ wọn dà bíi ti ẹni tó ti oko ebè dé. Báyìí, eré ló ń ṣáájú, nígbà tí ara ṣì yá. Irin á tẹ̀ lé e, ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún péré, kí wọ́n sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó tún gbé e. Ọjọ́ kejì, ìsinmi ni.

Ọmọ tí kò tíì lè lóṣòó kó sì dìde dáadáa lọ́wọ́ òfìfo, kó má fọwọ́ kan irin rárá. Lórí ìyẹn, ohùn èmi àti ẹni tó kọ̀wé láti Ìkìrun ṣọ̀kan. Bí wọ́n bá ń lọ sí Òkukù lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n yà wò wá.

Olùkọ́ eré ìje kan,
Ìníṣà.