Ẹ San Owó Oṣù fún Ọmọ Tó Ń Kọ́ Lógíìkì

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní ìṣirò ní Sangotedo gba ìwé láti yunifásítì kan ní Yúróòpù. Wọ́n ní kó wá ṣe oyè ọ̀mọ̀wé nínú lógíìkì, àwọn á sì máa san owó oṣù fún un. Ìyá rẹ̀ gbé ìwé náà tọ̀ mí wá: "Tíṣà, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ta ló ń sanwó fún ẹni tó ń kàwé? Ṣé kì í ṣe àwọn oníjìbìtì?"

Mo kà á tán, òótọ́ ni. Ní Austria àti Jámánì, òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé, tòun ti ìwé àdéhùn iṣẹ́. Láti ọdún 2014 ni àwọn yunifásítì kan ní Vienna, Graz àti Linz ti dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún lógíìkì inú kọ̀ǹpútà, owó ìjọba wọn ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ó tọ́ sí ọmọ náà. Nígbà tó wà ní SS2, mo bi kíláàsì pé: bí òjò bá rọ̀, omi á kún ojú ọ̀nà Ajah, omi ti kún ojú ọ̀nà báyìí, ṣé òjò rọ̀? Gbogbo wọn ké pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun nìkan ló ní, "Rárá, Ma. Ó lè jẹ́ ọ̀sà ló kún wá."

Bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa ro irú èrò yẹn fúnra rẹ̀, láìfo ìpele kankan, ni iṣẹ́ tó fẹ́ lọ ṣe. Ọdún 1956 ni àwọn onímọ̀ Newell, Simon àti Shaw ti mú ẹ̀rọ ṣe é ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1996, ètò kọ̀ǹpútà kan yanjú ìbéèrè ìṣirò tó ti ń dààmú àwọn ọ̀mọ̀wé láti bí ọgọ́ta ọdún.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi ṣe. Ẹ lọ sí ọjà Ajah. Oníbàárà na fóònù síwájú, ó ní wọ́n ti yọ owó òun. Ìyá aláta gbé ọwọ́ lé agbọ̀n tòmátì, álẹ́ẹ̀tì kò wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà á nígbà mìíràn, mo gbà. Ṣùgbọ́n pé owó kò gbọ́dọ̀ kúrò lápò kan kó má wọ òmíràn, kó má sì padà síbi tó ti wá, ohun tí a lè fi ẹ̀rí lógíìkì múlẹ̀ ni kí báńkì tó gbé ètò náà jáde. Bí a bá dán an wò lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, àṣìṣe lè sá pamọ́ sínú èyí tí a kò dán wò. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú bí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe ń pín iye, tí a rí lọ́dún 1994, ná ilé-iṣẹ́ Intel ní mílíọ̀nù 475 dọ́là, ilé-iṣẹ́ náà sì fi ọwọ́ gidi mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rí látìgbà náà.

Nílé wa níbí ńkọ́, ta ni yóò san irú owó oṣù bẹ́ẹ̀? Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ni TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ẹ̀kọ́ gíga, ń rán lọ kàwé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò tíì di olùkọ́, kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó wà ní Lekki. Etíkun wa níbí ni okùn íntánẹ́ẹ̀tì Equiano ti Google gúnlẹ̀ sí lọ́dún 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà gbé owó kiri sì pọ̀ láti Phase 1 dé Ajah. Yunifásítì náà kò jìnnà: Pan-Atlantic wà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, Unilag wà ní Akọka. Kí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta péré dáwó jọ, kí wọ́n san owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ kan fún ọdún mẹ́rin. Iṣẹ́ lógíìkì kò béèrè yàrá ìwádìí olówó ńlá: kọ̀ǹpútà, iná tí kì í lọ, àti olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀fẹ́ ni Lean, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ ẹ̀rí wò, tí Leonardo de Moura ọmọ Brazil dá sílẹ̀ lọ́dún 2013. Bí olùkọ́ kò bá tó nílé, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè máa darí ìwádìí náà láti ọ̀hún. Ẹni tó lọ sókè òkun sì lè padà wá kọ́ni nílé: Adégòkè Olúbùmmọ̀ ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì gboyè ọ̀mọ̀wé ìṣirò ní Durham lọ́dún 1955, ó sì kọ́ni ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo sọ fún ìyá yẹn pé kó jẹ́ kí ọmọ máa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé-iṣẹ́ níbí ni mo ń bẹ̀: ẹ ya àyè kan ṣoṣo sọ́tọ̀ kí sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé. Mo mọ ọmọ méjì ní Badore tí wọn yóò fi orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.