Ẹdùn Àrá Tàbí Àáké Ará Ìgbàanì?

Bí àgbẹ̀ Ìwàrò-Ọ̀kà bá hú òkúta dídán tí ó rí bí àáké nínú oko rẹ̀, ẹdùn àrá ni a ó pè é. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw gbẹ́ ilẹ̀ Ihò Eléérú ní Ìsàrun, ní ẹ̀bá Àkúrẹ́. Ó bá egungun ènìyàn tí ó ti lé ní 11,000 ọdún níbẹ̀. Nínú erùpẹ̀ òkè rẹ̀ ni àpáàdì àti irú àáké bẹ́ẹ̀ wà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó lọ̀ wọ́n.

Níwọ̀n bí àwọn ará ìgbàanì kò ti kọ ìwé, ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí iṣẹ́ oko wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè wa, kí a tó fọ́ àpáta, kí a tó ta ẹdùn àrá fún àlejò, ẹ jẹ́ kí àwọn amòye kọ́kọ́ wo ibi tí ó wà. Ohun tí a bá ti gbé kúrò ní ipò rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ di àbọ̀.